Bí Ẹrù Ẹni Bá Sọnù Níbi Iṣẹ́, Ṣé Ọ̀gá Ló Máa San Án?

Tí fóònù òṣìṣẹ́ bá pòórá ní ọ́fíìsì, apá méjì làwọn èèyàn máa ń pín sí. Àwọn kan á ní ọ̀gá ló ni ilé, ọ̀gá ló gba síkiọ́rítì, nítorí náà kí ọ̀gá san án. Àwọn yòókù á ní ta ló rán an níṣẹ́ kó gbé fóònù olówó ńlá wá síbi iṣẹ́? Àtàwọn tibí àtàwọn tọ̀hún ló máa ń sọ̀rọ̀ bíi pé òfin wà lẹ́yìn wọn, bẹ́ẹ̀ kò sí èyí tó sọ ọ́ délẹ̀ nínú wọn. Ibi tí nǹkan ti sọnù kọ́ ni òfin kọ́kọ́ ń wò. Ohun tó ń wò ni ẹni tí nǹkan náà wà níkàáwọ́ rẹ̀ nígbà tó sọnù.

Fóònù tí ẹ gbé sórí tábìlì yín, tí ẹ jáde lọ ra ìrẹsì, tí ẹ padà dé tí ẹ ò bá a mọ́, ìkáwọ́ yín ló ṣì wà lójú òfin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé abẹ́ òrùlé ọ̀gá ni. Fóònù tí síkiọ́rítì gbà lọ́wọ́ yín ní géètì, tó sì fún yín ní táálì, ti kúrò níkàáwọ́ yín. Ó lè jẹ́ fóònù kan náà, kó jẹ́ ilé-iṣẹ́ kan náà, síbẹ̀ ẹjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi tó le jù fún òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ìdájọ́ tí àwọn lọ́yà ọ̀gá máa ń fà yọ ti pẹ́. Ọdún 1946 ni wọ́n dá a ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, Deyong àti Shenburn sì ni orúkọ ẹjọ́ náà. Òṣèré ni ẹni tó pẹjọ́. Wọ́n ń dánra wò fún eré kan, ó fi ẹ̀wù òtútù rẹ̀ àti àwọn nǹkan mìíràn sílẹ̀ sí yàrá tí wọ́n ti ń múra, olè sì gbé wọn lọ. Ó ní ó yẹ kí ẹni tó gba òun síṣẹ́ dáàbò bo ẹrù òun. Ilé-Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn ní rárá. Wọ́n ní ó di dandan kí ọ̀gá ṣètò ibi iṣẹ́ kí òṣìṣẹ́ má baà fara pa, àmọ́ ojúṣe yẹn kò dé orí kí ó máa bá a ṣọ́ ẹ̀wù lọ́wọ́ olè. Ní 1957, irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ sí dókítà kan tó ń gbé nínú ilé tí ilé-ìwòsàn pèsè fún un. Wọ́n jí ẹrù rẹ̀ nínú yàrá, ó pẹjọ́, òun náà sì pàdánù. Èmi ò rí ìdájọ́ kejì yìí bí ohun tó tọ́, nítorí pé ilé-ìwòsàn ló ni ilé, àwọn náà ló sì mọ bí ẹnu ọ̀nà ṣe rí. Àmọ́ bí wọ́n ṣe dá a nìyẹn.

Ẹ lè bi mí pé kí ló kan Nàìjíríà nínú ẹjọ́ òṣèré Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀pọ̀ nínú òfin tó wà lórí àìbìkítà àti ohun tí a fi pamọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn ló jẹ́ pé ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì la ti jogún rẹ̀. Ìdájọ́ wọn kò de àwọn adájọ́ wa, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń tẹ́tí sí i. Òfin tí àwa fúnra wa ṣe lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ kò sì gba òṣìṣẹ́ níhìn-ín. Labour Act sọ̀rọ̀ nípa owó oṣù, ìwé ìgbanisíṣẹ́, ìsinmi, àti bí wọ́n ṣe ń dá iṣẹ́ dúró. Ẹ ò ní rí ibi tó ti ní kí ọ̀gá san owó báàgì tí olè gbé. Àwọn kan tún máa ń rò pé NSITF, àjọ ìjọba tó ń sanwó fún òṣìṣẹ́ tó bá fara pa níbi iṣẹ́, yóò san án, torí pé oṣooṣù ni ilé-iṣẹ́ ń dá owó síbẹ̀. Òfin ọdún 2010 tí NSITF ń lò kò rí nǹkan mìíràn ju ara èèyàn lọ: ìfarapa, àìsàn tí iṣẹ́ fà, àti ikú. Bí ẹ̀rọ bá gé yín níka, ẹ lọ bá wọn. Bí olè bá gbé láptọ́ọ̀pù yín, iṣẹ́ wọn kọ́.

Nígbà náà, ibo ni ọ̀gá ti ń jẹ̀bi? Ẹ lọ dúró sí ẹnu géètì ilé-iṣẹ́ kan ní Àgbàrá tàbí Ọ̀tà láàárọ̀, nígbà tí àwọn tó ṣiṣẹ́ òru ń jáde tí àwọn ti ọ̀sán ń wọlé. Ẹ ó rí páálí ńlá tàbí àpótí onígi tí wọ́n pín sí ojúlé ojúlé. Òṣìṣẹ́ á pa fóònù rẹ̀, á lẹ masking tape tó kọ orúkọ sí mọ́ ọn lẹ́yìn, á gbé e fún síkiọ́rítì, ìyẹn á sì gé táálì tó ní nọ́ńbà fún un. Ilé-iṣẹ́ ló ṣe é lófin pé fóònù kò gbọ́dọ̀ dé ibi ẹ̀rọ. Irú òfin yìí tún wà láwọn ibi tí wọ́n ti ń dáhùn ìpè àwọn oníbàárà báńkì, kí ẹnikẹ́ni má baà ya fọ́tò nọ́ńbà káàdì oníbàárà.

Táálì pélébé yẹn lágbára ju bí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ṣe rò lọ. Láti ìgbà tí wọ́n ti gba fóònù náà ni wọ́n ti di olùtọ́jú rẹ̀. Bí wọn ò bá wá rí i mú jáde, ẹ̀yin kọ́ ni ẹ ó máa wá bí olè ṣe wọlé kiri. Ẹni tó gba nǹkan pamọ́ ni yóò ṣàlàyé: ibo ló gbé e sí, ta ló ń ṣọ́ ọ, ṣé àpótí náà ní kọ́kọ́rọ́, ta ló mú kọ́kọ́rọ́ ọ̀hún. Bí kò bá lè fi hàn pé òun tọ́jú rẹ̀ bí ọlọ́gbọ́n èèyàn ṣe ń tọ́jú nǹkan, òun ni yóò san án. Nínú ẹjọ́ ti orí tábìlì lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀yin lẹ ó kọ́kọ́ fi hàn pé ojúṣe kan wà lọ́rùn ọ̀gá, kí ẹ tó wá fi hàn pé kò ṣe é. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹjọ́ méjèèjì nìyí, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ti ń yí padà.

Ọ̀gá lè ní ọ̀fẹ́ lòun ń bá wọn tọ́jú rẹ̀, òun ò gba kọ́bọ̀. Ẹni tó ń tọ́jú nǹkan lọ́fẹ̀ẹ́ náà kò láṣẹ láti gbé e sí ojú títì. Èmi ò tiẹ̀ gbà pé ọ̀fẹ́ ni: nítorí àǹfààní ilé-iṣẹ́ ni wọ́n ṣe gba fóònù, kì í ṣe pé òṣìṣẹ́ bẹ̀ wọ́n. Ó tún lè ní àwọn síkiọ́rítì yẹn kì í ṣe òṣìṣẹ́ òun, ilé-iṣẹ́ mìíràn ló kó wọn wá, ẹ lọ bá wọn níbẹ̀. Àṣẹ ta lẹ tẹ̀ lé tí ẹ fi gbé fóònù sílẹ̀? Bí ẹ bá fẹ́ kọ lẹ́tà, ẹ kọ ọ́ sí àwọn méjèèjì, kí wọ́n lọ bára wọn yanjú rẹ̀.

Bó bá wá jẹ́ pé síkiọ́rítì gan-an ló jí i ńkọ́? Ẹjọ́ kan wà lórí èyí, Morris àti C. W. Martin, ọdún 1965. Obìnrin kan gbé ẹ̀wù onírun iyebíye rẹ̀ lọ fún oníṣòwò irun ẹran pé kó bá òun fọ̀ ọ́. Ìyẹn kò fọ irú rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sọ fún un, ó sì gbé e lọ fún àwọn alágbàfọ̀. Òṣìṣẹ́ tí àwọn alágbàfọ̀ yìí gbé iṣẹ́ ẹ̀wù náà lé lọ́wọ́ ló jí i gbé. Ọ̀gá wọn ní òun kọ́ lòun rán an lólè. Ilé-ẹjọ́ ní ọ̀gá ni yóò san án, torí pé ẹni tí wọ́n fi ẹ̀wù náà sí lọ́wọ́ gan-an ló gbé e. Ká ní òṣìṣẹ́ mìíràn tí kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ẹ̀wù náà ló yọ́ kẹ́lẹ́ wọlé gbé e, ọ̀rọ̀ ìbá gba ibòmíràn lọ. Ẹ gbé e wá sílé: bí síkiọ́rítì tó gba fóònù bá tà á, ọrùn ọ̀gá ló wà. Bí akọ̀wé yàrá kejì bá wá gbé fóònù yín lórí tábìlì, olè ni akọ̀wé, ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ni wọ́n ń mú un lọ, àmọ́ owó fóònù kì í tìtorí ẹ̀ di gbèsè ọ̀gá.

Ìwé tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ ògiri náà ń da àwọn èèyàn láàmú: “Ilé-iṣẹ́ kò ní dáhùn fún ohunkóhun tó bá sọnù.” Òṣìṣẹ́ á rí i, ọkàn rẹ̀ á sì rẹ̀wẹ̀sì. Ìwé náà kò lágbára tó bẹ́ẹ̀, kì í sì í ṣe asán. Ohun tí ilé-ẹjọ́ máa ń kọ́kọ́ béèrè ni ìgbà tí ẹ rí i. Nínú ẹjọ́ Olley àti Marlborough Court, tó wà nínú ìwé àkójọ ìdájọ́ ọdún 1949, obìnrin kan wọ̀ sí òtẹ́ẹ̀lì, ó fi kọ́kọ́rọ́ yàrá rẹ̀ sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń gbàlejò, ẹnì kan mú kọ́kọ́rọ́ ọ̀hún, ó sì kó ẹ̀wù onírun rẹ̀ lọ. Ìwé ìkìlọ̀ wà lára ògiri, àmọ́ inú yàrá ló wà. Ilé-ẹjọ́ ní ìsàlẹ̀ ni àdéhùn ti wáyé, kí obìnrin náà tó fojú kan ìwé, òtẹ́ẹ̀lì pàdánù. Nítorí náà, ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri lánàá kò lè yí àdéhùn tí ẹ fọwọ́ sí lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn padà bẹ́ẹ̀ yẹn. Èyí tó wà nínú ìwé ìgbanisíṣẹ́ tí ẹ fọwọ́ ara yín sí ló yẹ kẹ́ ẹ bẹ̀rù.

Fún àwọn ará wa tó wà ní Britain, òfin kan tún wà tó ran òṣìṣẹ́ lọ́wọ́. Unfair Contract Terms Act ti 1977 sọ pé ìwé irú èyí kò lè gba ẹni tí kò bìkítà nípa nǹkan oní-nǹkan sílẹ̀, àfi tí ìwé náà bá mọ́gbọ́n dání. Nọ́ọ̀sì àti àwọn tó ń tọ́jú àgbàlagbà tún ní ohun mìíràn. Ìlànà ọdún 1992 lórí ìlera àti ààbò níbi iṣẹ́ ní bí iṣẹ́ bá gba pé kí òṣìṣẹ́ bọ́ aṣọ ilé kó wọ aṣọ iṣẹ́ ní yàrá ìpààrọ̀ aṣọ, ibi tí yóò gbé aṣọ ilé rẹ̀ sí gbọ́dọ̀ ní ààbò. Lọ́kà tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ti já láti ọdún tó kọjá kì í ṣe ààbò. Ẹ ṣàkíyèsí pé aṣọ ni ìlànà náà dárúkọ. Kò dárúkọ wúrà tàbí owó tó wà nínú àpò aṣọ.

Factories Act ti 1987 ní Nàìjíríà náà ní kí ilé-iṣẹ́ pèsè ibi tó dára tí òṣìṣẹ́ yóò máa fi aṣọ tí kò wọ̀ ṣiṣẹ́ sí. Òfin Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ tí wọ́n wò ṣe é ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn adájọ́ wọn sì sọ nínú ẹjọ́ McCarthy àti Daily Mirror ní 1949 pé bí a bá ń wò ó bóyá ibẹ̀ dára, a gbọ́dọ̀ ro ti olè mọ́ ọn. Lọ́yà tó mọṣẹ́ lè gbé ẹjọ́ yìí ka iwájú adájọ́ wa. Ó ya mí lẹ́nu pé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kì í sábà ránni létí rẹ̀.

Ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kò gùn. Ẹ gbé ọkọ̀ sí ọgbà ilé-iṣẹ́, kọ́kọ́rọ́ wà lápò yín: àyè ni wọ́n fún yín, wọn ò gba ọkọ̀ yín pamọ́. Bí wọ́n ṣe dá ẹjọ́ Ashby àti Tolhurst nìyẹn ní 1937, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ló jẹ́ kí olè wa ọkọ̀ lọ. Ilé-Ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà náà dá ẹni tó pẹjọ́ lẹ́bi ní 2002, nínú ẹjọ́ Anyah àti Imo Concorde Hotels, lórí ọkọ̀ tí wọ́n jí nínú ọgbà òtẹ́ẹ̀lì ní Òwerrì. Oníbàárà tó ń sanwó lẹ̀yí o, kì í ṣe òṣìṣẹ́. Bó bá wá jẹ́ pé ẹ gbé kọ́kọ́rọ́ fún dẹ́rẹ́bà ilé-iṣẹ́ kó bá yín sún un, ọ̀rọ̀ ìkáwọ́ tún ti wọ̀ ọ́.

Nǹkan mìíràn wà tó burú ju kí ọ̀gá kọ̀ láti sanwó lọ: kí ó ní kí ẹlòmíràn san án. Fóònù òṣìṣẹ́ kan, Bísí, sọnù, ọ̀gá bínú, ó ní bí ẹnikẹ́ni kò bá jẹ́wọ́ títí ọ̀la, òun yóò gé owó gbogbo èèyàn yàrá náà láti fi ra òmíràn. Àwọn òṣìṣẹ́ á kùn, wọ́n á sì gbà. Abala 5 nínú Labour Act kò gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ láyè. Ó ní ọ̀gá lè gé owó níwọ̀nba nítorí òfò tí òṣìṣẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ fà, tàbí tí àìbìkítà rẹ̀ fà, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Gbogbo ohun tí wọ́n bá sì gé lóṣù kan kò gbọ́dọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù náà lọ. Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa: òfò tó bá ọ̀gá ni òfin ń wí. Fóònù Bísí kì í ṣe òfò ọ̀gá. Àwọn tí òfin yìí dárúkọ ni àwọn tó ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ àti àwọn akọ̀wé. Ọ̀gá kékeré, ẹnjiníà àti irú wọn kò sí nínú rẹ̀, ìwé àdéhùn wọn ni yóò gbà wọ́n.

Nígbà mìíràn, wọn kì í tilẹ̀ dórí owó. Wọ́n á ní kí gbogbo èèyàn bọ́ra sílẹ̀ kí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò, tàbí kí ẹnì kan lọ gbé Bíbélì àti kọ́kọ́rọ́ wá, tàbí kí wọ́n lọ pe bàbá kan ní àdúgbò tó ní omi tí olè kò lè mu. Abala 34 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè fún gbogbo èèyàn ní ẹ̀tọ́ sí iyì ara rẹ̀, orúkọ ọ̀gá kò sì mú un kúrò. Criminal Code, nínú abala 207, ti fòfin de kí a máa fi májèlé, epo gbígbóná, iná àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wádìí ẹni tó jẹ̀bi. Bíbélì àti kọ́kọ́rọ́ kò lè pa ẹnikẹ́ni lára, òótọ́ ni, àmọ́ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ bá yí sí lè lọ pe yín lẹ́jọ́ pé ẹ ba òun lórúkọ jẹ́, kọ́kọ́rọ́ kò sì ní lè jẹ́rìí fún yín.

Bí nǹkan bá sọnù ní tòótọ́, wákàtí àkọ́kọ́ ló ṣe pàtàkì jù. Ẹ sọ fún ọ̀gá tàbí HR, ẹ má sì fi í mọ sí ọ̀rọ̀ ẹnu; tẹ́ẹ̀sì tàbí ímeèlì tó ní àkókò lára tó. Ẹ béèrè pé kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí àwòrán kámẹ́rà CCTV pa rẹ́, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn ló máa ń pa àwòrán àtijọ́ rẹ́ fúnra rẹ̀ kí tuntun lè ráyè. Ẹ ya fọ́tò táálì, ẹ má dá a padà. Ẹ mú risíìtì àti IMEI, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù, lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, ẹ gba ìwé extract tó fi hàn pé ẹ ti fi ọ̀rọ̀ náà tó wọn létí. Láìsí i, ilé-iṣẹ́ adójútòfò kò ní dá yín lóhùn, ẹ ò sì ní rí nǹkan tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ fi hàn ọ̀gá.

Ẹjọ́ pípè lórí fóònù kan kì í sábà mérè wá, owó lọ́yà nìkan lè ju owó fóònù lọ. National Industrial Court ni ìwé òfin orílẹ̀-èdè, ní abala 254C, gbé ọ̀rọ̀ tó bá ti ibi iṣẹ́ wá lé lọ́wọ́. Wọ́n ní ilé-ẹjọ́ ní Èkó, Ìbàdàn àti Àkúrẹ́. Kí ẹ tó dé ọ̀hún, ẹ gbìyànjú Citizens' Mediation Centre ti ìjọba Èkó. Ọ̀fẹ́ ni, wọ́n á pe ẹ̀yin àti ọ̀gá jókòó, ọ̀pọ̀ ọ̀gá tó ń pariwo lójú òṣìṣẹ́ ló sì máa ń rọ̀ bó bá rí lẹ́tà ìjọba. Ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kò ju owó tó kéré jù tí òfin là sílẹ̀ lọ, tó jẹ́ 70,000 náírà láti 2024, lè lọ bá Legal Aid Council, àjọ ìjọba tó ń pèsè lọ́yà lọ́fẹ̀ẹ́. Ní England àti Wales, ẹ̀ka ẹjọ́ kékeré ní county court máa ń gbọ́ ẹjọ́ owó tí kò ju £10,000 lọ, ẹ sì lè lọ síbẹ̀ láìgba lọ́yà. Kí ẹ tó lọ, ẹ wo ìwé adójútòfò ilé yín bóyá ó kan ohun tí ẹ bá gbé jáde nílé.

Láptọ́ọ̀pù tiyín tí ẹ ń fi ṣiṣẹ́ ọ̀gá ló yẹ kí ẹ tètè bá a sọ ọ́. Ní ìpínlẹ̀ California, Labor Code abala 2802 ti ní kí ọ̀gá san òfò tó bá òṣìṣẹ́ torí pé ó ń ṣe iṣẹ́ tó gbà á fún. Nàìjíríà kò ní irú abala bẹ́ẹ̀ nínú Labour Act, nítorí náà ẹ̀yin ni yóò fi í sínú àdéhùn. Ẹ kọ ímeèlì kúkúrú: “Ẹ kú iṣẹ́, sà. Láptọ́ọ̀pù tèmi ni mo ń lò fún iṣẹ́ yìí gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe ní kí n ṣe. Bí wọ́n bá jí i níbi iṣẹ́ tàbí lójú ọ̀nà iṣẹ́, ṣé ilé-iṣẹ́ yóò san án?” Bí wọ́n bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ ti ní ìlérí tí ẹ lè gbé lọ síbikíbi. Bí wọ́n bá ní rárá, ẹ béèrè láptọ́ọ̀pù ilé-iṣẹ́.